Sípíkà Mẹ́fà, Ìdí Igi Mẹ́rin

Agbo-ilé Àjàdí,
Òkè-Baálẹ̀,
Òṣogbo,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun.
Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kọkànlá, 2023.

Silas, ọ̀rẹ́ mi láti kékeré,

Báwo ni gbogbo yín ní Iléṣà? Ṣé àlàáfíà ni Julianah ìyàwó rẹ wà? Ìmísíolúwa ọmọ mi ńkọ́, ṣé eyín iwájú tó ká lọ́jọ́sí ti hù padà? Màmá rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń yọ wọ́n lẹ́nu ti fún wọn ní ìsinmi díẹ̀? Ṣé owó ilé ìwé kò tíì sọ ìwọ fúnra rẹ di ẹni tó ń dá sọ̀rọ̀ lójú títì? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Ara mi le, àfi ọrùn tó ń dùn mí nítorí bí mo ṣe ń yọjú sẹ́yìn kọ̀ǹpútà ní gbogbo ìgbà, wàá sì gbọ́ ìdí rẹ̀ láìpẹ́.

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. O ní o fẹ́ ra sípíkà alápótí mẹ́fà fún kọ̀ǹpútà ilé rẹ, irú èyí tí ohùn á máa jáde níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ìwọ àti Julianah lè máa wo fíìmù ogun bí ẹni pé ẹ wà lójú ogun gan-an. Mo rò pé ẹ ti ṣègbéyàwó pẹ́ tó láti mọ bí ogun ṣe ń rí, ṣùgbọ́n ìyẹn kò kàn mí. O ní kí n júwe èyí tí owó rẹ̀ kò ga, torí ọmọ òṣómàáàló kì í fi owó ṣeré, àti pé èmi ni mo mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà jù nínú gbogbo àwa tí a jọ kàwé. O ṣeun. Inú mi dùn pé ó ṣì ku ẹnì kan láyé tó gbà pé mo mọ nǹkan. Ká ní oṣù tó kọjá lo kọ ìwé yẹn ni, ǹ bá ti fi ìgbéraga dá ọ lóhùn. Ní báyìí, fa àga, kí o jókòó gbọ́ ohun tí ojú ọ̀mọ̀ràn rí.

O mọ̀ pé inú yàrá mi ní ilé bàbá wa ni mo ti ń fi kọ̀ǹpútà ṣe káàdì ìkésíni fún àwọn tó ń ṣe ìnáwó. O sì rántí Fáìzàh, àbígbẹ̀yìn màmá mi, tó lọ ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Ìlú Ọba. Ó rí ọkọ níbẹ̀, ọmọ Ìwó kan tó níwà, wọ́n sì dá ọjọ́ yìgì. Àwa kò lè lọ, àwọn náà kò lè wá, a wá fẹnu kò pé orí kọ̀ǹpútà mi la ti máa bá wọn ṣe é. Ohun kan ṣoṣo ló kù, etí Màmá. Ó ti tó ọdún méjì báyìí tó jẹ́ pé bí Fáìzàh bá pè, Màmá á kàn máa pariwo "Haló! Haló!" sínú fóònù, wọ́n á dá a padà fún mi, wọ́n á ní kí n sọ ohun tó wí fún àwọn. Mo ní kí wọ́n má ṣèyọnu, pé wọ́n á rí ọmọ wọn kedere lójú kọ̀ǹpútà.

Wọ́n ní, "Mikail, àwòrán rẹ̀ wà lára ògiri mi. Ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́. Kó tọrọ àdúà lọ́wọ́ mi, kí n gbọ́ ọ, kí n tó ṣe é fún un. Mi ò ní ṣe àdúà yìgì fún ọmọ mi lórí pé ìwọ lo sọ pé ó ní kí n ṣe é."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Torí rẹ̀ ni mo ṣe jáde lọ wá sípíkà, kì í ṣe torí fíìmù.

Ọ̀dọ̀ Táòfíkì tó ń ta nǹkan ẹlẹ́tíríìkì ní Olú-Òde ni mo lọ. Ó kọ́kọ́ gbé alápótí méjì kan jáde, ó kéré, kò lẹ́wà, kò sì sí iná kankan lára rẹ̀. Ó fi wáàsí Àlùfáà kan dán an wò, gbogbo ọ̀rọ̀ já gaara, owó rẹ̀ náà kò sì bani lẹ́rù. Bó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo lọ, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ bàbá mi la jọ dáwó náà, àwọn mélòó kan sì bá mi lọ kí n má baà ra ìranù. Ojú wọn ti wà lókè pẹpẹ, lára páálí ńlá kan. Sípíkà mẹ́fà ló wà nínú rẹ̀, kéékèèké márùn-ún àti ìyá wọn kan tó tóbi, èyí tí wọ́n ń pè ní béèsì. Iná búlúù ń tàn yí i ká. Ó ní rìmóòtù. Òjò ti pa páálí rẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dín owó rẹ̀ kù títí tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti alápótí méjì yẹn dọ́gba. Wọ́n kọ ọ́ sára rẹ̀ pé agbára rẹ̀ jẹ́ ẹgbẹ̀rún méjìlá wáàtì. Silas, gbogbo iná tí wọ́n ń fún àdúgbò wa kò tó bẹ́ẹ̀. Mo bi Táòfíkì bóyá òótọ́ ni. Ó ní, "Ọ̀gá, àwọn tó kọ ọ́ ò sí níbí ká bi wọ́n." Mo fẹ́ràn òtítọ́ inú ọkùnrin yẹn.

Ó bi mí pé ihò mélòó ló wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà mi níbi tí wọ́n ń ki wáyà sípíkà bọ̀. Ìwọ náà lọ wò ó kí o tó náwó o. Bó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo, aláwọ̀ ewé, ni tìrẹ ní, alápótí mẹ́fà kò lè ṣe ju ti alápótí méjì lọ fún ọ, àfi kó gba àyè. Tèmi ní mẹ́ta, aláwọ̀ ewé, dúdú àti aláwọ̀ ọsàn. Táòfíkì wá fi fíìmù ogun kan sí i. Ìbọn ń dún níwájú lápá ọ̀tún àti òsì, òjò ń rọ̀ lẹ́yìn wa, gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn inú fíìmù ń sọ sì ń ti inú èyí tó wà láàárín jáde. Táòfíkì fọwọ́ lù ú, ó ní, "Ti àárín yìí ló ń sọ̀rọ̀. Ìyókù, ariwo ni wọ́n ń pa." Mo tọ́jú ọ̀rọ̀ yẹn sínú. A sanwó, a gbé e relé pẹ̀lú ìdùnnú.

Èrò mi ni pé kí a tò ó sí pálọ̀, kí gbogbo ilé jókòó sáàárín rẹ̀. Màmá ní tí Ìyá Kékeré bá máa jókòó síbẹ̀, kí a má wulẹ̀ pe àwọn. O mọ Ìyá Kékeré, ìyàwó tí bàbá wa fẹ́ gbẹ̀yìn. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Fáìzàh dàgbà sí nígbà tí Màmá ń nájà ní Ìpetu. Ìjà wọn bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ fìdáù ogójì ọjọ́ bàbá wa. Àlùfáà ń ṣàdúà fún àwọn opó, ó sì ṣèèṣì dárúkọ Ìyá Kékeré ṣáájú ìyálé. Etí Màmá tí kì í gbọ́ "Ẹ káàárọ̀" tí mo ń pariwo lójú wọn, ó gbọ́ ìyẹn ketekete láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n ní ó ti lọ fi nǹkan sí Àlùfáà lọ́wọ́. Láti ọjọ́ náà, wọn kò tíì jókòó sójú kan, bẹ́ẹ̀ ni ìkankan nínú wọn kò bá èkejì sọ̀rọ̀. Bí iyọ̀ bá tán lọ́wọ́ ọ̀kan tí òmíràn sì ní, èmi ni wọ́n máa rán, bí mo tilẹ̀ jẹ́ bàbá ọmọ.

Bàbá Lùkúmọ̀n, àbúrò bàbá wa tó jẹ́ olórí ẹbí, wá pe ìpàdé láti yanjú rẹ̀. Àdúà ni wọ́n fi ṣí i, àdúà ni wọ́n fi gbè é lẹ́sẹ̀. Wọ́n bi mí pé sípíkà mélòó ni. Mo ní mẹ́fà. Wọ́n ní ìyàwó mélòó ni ẹ̀gbọ́n àwọn fi sílẹ̀. Mo ní mẹ́rin. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́ bí adájọ́ tó ti rí ẹjọ́ dá.

Wọ́n ní, "Ó tán. Ìdí igi mẹ́rin ló dáwó, ìdí igi kọ̀ọ̀kan á mú ọ̀kan. Ẹ gbé e sí yàrá ìyá yín, kí kálukú jókòó sí àyè ara rẹ̀ gbọ́ yìgì. Ìkarùn-ún á wà lọ́dọ̀ Mikail tó ni kọ̀ǹpútà. Ńlá yẹn, ẹ gbé e wá sọ́dọ̀ mi, èmi ni mo wà nípò bàbá yín."

Mo gbìyànjú láti ṣàlàyé pé inú yàrá kan náà ló yẹ kí gbogbo wọn wà, kí wọ́n yí ẹni tó ń gbọ́ ọ ká. Bàbá wò mí tìyanu-tìyanu. Wọ́n ní, "Ṣé kí ìwọ nìkan wà láàárín, kí gbogbo ìyá rẹ máa pòyì yí ọ ká?" Mo wo ojú àwọn ọmọ bàbá mi, àwọn tó lọ sí poli àti yunifásítì. Gbogbo wọn ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, pé ìpín náà tọ́. Ó ṣe mí láàánú pé àwọn tó ṣe sípíkà yẹn ní ilẹ̀ Ṣáínà kò ro ti ìdí igi mọ́ ọn rárá.

Bí wọ́n ṣe pín sípíkà náà sí yàrá-yàrá nìyẹn. Àwọn wáyà tó bá a wá kò gùn tó, a ra òmíràn kún un, a fà á gba òkè ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, ẹnì kan sì ti sá aṣọ ìnura lé e lórí kí n tó sọ̀kalẹ̀ lórí àga. Nítorí pé ara ńlá yẹn ni gbogbo wáyà ti ń jáde, yàrá Bàbá Lùkúmọ̀n di olú-ilé iṣẹ́, rìmóòtù sì wà lábẹ́ ìrọ̀rí wọn. Ti iwájú lápá ọ̀tún kan ìyàwó kejì, Ìyá Awwal. Ìyá Awwal ti ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà láti ìgbà pípẹ́, títì ni yàrá rẹ̀ máa ń wà. Mo ní kí a kúkú lo tirẹ̀ níbòmíràn. Háà! Awwal wọkọ̀ wá pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́, ó kan ẹ̀tọ́ ìyá rẹ̀ mọ́ ògiri, ó ti ilẹ̀kùn pa, ó sì gbé kọ́kọ́rọ́ padà lọ. Ti iwájú lápá òsì kan Ìyá Kékeré. Ọ̀kan nínú ti ẹ̀yìn kan ìyàwó kẹta, tí kì í bá ẹnikẹ́ni fa nǹkan, ìkejì sì wà lọ́dọ̀ mi.

Ìwọ á béèrè ti àárín. Ọmọ Màmá ni mí, Silas. Kí ẹnikẹ́ni tó lajú, mo ti gbé èyí tó ń sọ̀rọ̀ wọ yàrá Màmá. Mo fi fíìmù dán an wò, ọ̀rọ̀ ń jáde nínú rẹ̀ gbọnrangandan, Màmá sì ń dá àwọn èèyàn inú fíìmù lóhùn. Wọ́n da aṣọ léèsì funfun bò ó bí ọmọ tuntun. Mo ń rìn káàkiri ilé bí ẹni tó ra ọgbọ́n lọ́jà. Mo tilẹ̀ ń káàánú Ìyá Kékeré díẹ̀, pé ariwo ìbọn ni yóò gbọ́ ní ọjọ́ yìgì.

Ọjọ́ yìgì pé, iná sì wà. Ìyẹn nìkan ti yẹ kó bà mí lẹ́rù. Lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, Màmá ti wọ aṣọ tuntun, wọ́n jókòó ti àpótí wọn nínú yàrá. Fáìzàh yọ lójú kọ̀ǹpútà nínú híjáàbù funfun, ó rẹwà, mo sì rí i tó ń la ẹnu. Kò sí ohùn kankan nínú yàrá mi. Mo tẹ́tí. Láti yàrá Ìyá Kékeré ni mo ti gbọ́ Lẹ́mọ́mù tó ń ka "Bisimilláhì" ní gbangba. Láti yàrá Ìyá Awwal tí wọ́n tì pa ni mo tún ti gbọ́ ọ, ó ń ṣe wáàsí fún ibùsùn òfìfo. Ní yàrá Bàbá Lùkúmọ̀n, gbogbo ìgbà tí Lẹ́mọ́mù bá wúkọ́ ni béèsì á dún gbùm, Bàbá á sì fi tọkàntọkàn dáhùn pé "Àmín!"

Yàrá Màmá dákẹ́ jẹ́ẹ́.

"Mikail! Ṣé wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni?"

Mo sáré wọlé, mo ṣí aṣọ léèsì, mo gbá àpótí náà létí. Mo sáré padà, mo ń yọrí sẹ́yìn kọ̀ǹpútà, mo ń ti wáyà, mo ń fà á. Mo pe Táòfíkì, fóònù rẹ̀ ń dún, kò gbé e. Gbogbo ohun tí a torí rẹ̀ dáwó kò ju kí obìnrin kan ṣoṣo gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀, gbogbo ilé ló sì ń gbọ́ ọ báyìí àyàfi òun. Òógùn bò mí, Silas, omijé sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi. Wọ́n ti bi Fáìzàh bóyá ó gbà, ó ti ní òun gbà. Mo wò ó lójú kọ̀ǹpútà, ó ń kúnlẹ̀. Mo mọ ohun tó kàn.

Ohùn rẹ̀ ti yàrá Ìyá Kékeré jáde, ó já gaara: "Màmá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe àdúà fún mi."

Mo rò pé Ìyá Kékeré máa dá a lóhùn. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, òun náà tọ́ ọ. Ohun tí mo gbọ́ ni ilẹ̀kùn tó ṣí gbàgà, ohùn rẹ̀ sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan: "Ìyálé mi! Ìyálé mi o! Ọmọ yín ń tọrọ àdúà! Ọ̀dọ̀ mi ni ohùn rẹ̀ wà, ẹ máa bọ̀!"

Mi ò mọ bí Màmá ṣe gbọ́ ọ. Etí yẹn, òun ló mọ ohun tó ń gbọ́. Mo yọrí lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi tó kọjú sí ti Ìyá Kékeré. Màmá jáde, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá obìnrin náà, wọ́n wo ilẹ̀, wọ́n wo àjà. Ìyá Kékeré kúnlẹ̀, ó fi etí gèlè rẹ̀ nu àpótí ìjókòó, ó sì fà á sún mọ́ sípíkà. Màmá wọlé, wọ́n jókòó, wọ́n gbé etí lé e. Mo pariwo sí Fáìzàh pé kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Màmá di ọwọ́ Ìyá Kékeré mú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ àdúà, tí wọ́n ń kígbe rẹ̀ bí adití ṣe máa ń kígbe, ó gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá sí yàrá mi, ó sì wọ inú kọ̀ǹpútà lọ bá Fáìzàh ní Ìlú Ọba láìlo sípíkà kankan.

Wọ́n ní, "Ìyá rẹ kékeré tó pọ̀n ọ́, yóò jèrè rẹ. Èmi tí mo bí ọ, ǹ ó jèrè rẹ."

Bí wọ́n ṣe tò ó nìyẹn, ìyẹn kékeré ṣáájú, àwọn tẹ̀ lé e. Kò sì sí ẹni tó fi nǹkan sí wọn lọ́wọ́. Fáìzàh ń sunkún, Ìyá Kékeré ń sunkún, ìyàwó kẹta, tó ti wá dúró lẹ́yìn mi nígbà tí tirẹ̀ náà kò sọ̀rọ̀, ń sunkún. Èmi náà sunkún, má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Béèsì dún gbùm. Bàbá Lùkúmọ̀n ní "Àmín!"

Lọ́jọ́ kejì ni Táòfíkì tó rántí pé òun ní fóònù. Ó ní ọ̀rọ̀ tí a bá ń sọ lórí kọ̀ǹpútà báyẹn, àwọn méjì iwájú nìkan ló máa ń lọ bá, béèsì á sì máa gbè wọ́n lẹ́sẹ̀, pé inú fíìmù nìkan ni ti àárín ti ń sọ̀rọ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ. Ó ní mi ò bi òun. Ó ní bí mo bá kàn ti pààrọ̀ wáyà aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ ọsàn lẹ́yìn kọ̀ǹpútà, ti Màmá ì bá ti sọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó wá sílé, ó pààrọ̀ rẹ̀. A pe Fáìzàh, ohùn rẹ̀ sì jáde lábẹ́ aṣọ léèsì bí ẹni tó wà nínú yàrá.

Màmá tẹ́tí sí i dáadáa. Wọ́n ní, "O ṣé, ọmọ mi. Ó dára púpọ̀. Dá a padà sí bó ṣe wà."

Táòfíkì wò mí. Mo ní kó dá a padà. Ní báyìí, ìgbàkígbà tí Fáìzàh bá fẹ́ pè, Màmá á ti gbé àga wọn jáde lọ sí yàrá Ìyá Kékeré, wọ́n á máa sọ fún gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé ti àwọn ti bàjẹ́, pé ọmọ àwọn kò mọ nǹkan kan nípa kọ̀ǹpútà. Mo gbà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, Silas, ra alápótí méjì. Kó jẹ́ èyí tí kò lẹ́wà, tí kò ní iná búlúù, kí o sì fi ọ̀rọ̀ ẹnu èèyàn dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù, má fi ìbọn dán an wò. Má ka ohun tí wọ́n bá kọ sára páálí. Má sì jẹ́ kí àwọn ẹbí rẹ gbọ́ pé o rà á.

Bá mi kí Julianah, sì bá mi fa etí Ìmísíolúwa. Kí Màmá rẹ pẹ̀lú, sọ fún wọn pé mò ń bọ̀ wá jẹ iyán ní Iléṣà bí ọrùn mi bá ti rọ̀. Màmá mi àti Ìyá Kékeré ní kí n kí gbogbo yín. Mi ò mọ ẹni tó yẹ kí n kọ́kọ́ dárúkọ nínú wọn, torí inú yàrá kan náà ni àwọn méjèèjì ti pariwo rẹ̀ sí mi.

Èmi ni, ọ̀mọ̀ràn rẹ nípa kọ̀ǹpútà,
Mikail.